Káàdì Ikú àti Ojú Àbúrò Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ètò jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò gbèrò ibi.

Aránṣọ ni àbúrò mi yìí ní Ọ̀rà. Funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì débi pé aládùúgbò ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni a máa wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ ọmọ mi náà wà nílé, wọ́n ti gba ìsinmi ní yunifásítì. Ó kó àwọn káàdì kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tárọ̀, tí àwọn òyìnbó kan fi ń wádìí ohun tó ń bọ̀. Ó ní kí àbúrò mi fa ẹyọ kan.

Àbúrò mi fà á, ó gbé e sún mọ́ imú. "Ẹṣin funfun ni mo rí. Ó dára. Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Ọmọ náà dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí àbúrò mi béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ikú ni, Mama. Ṣùgbọ́n eré lásán ni."

"Ẹ máa bá eré yín lọ. Èmi ò lọ síbì kankan mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ padà sí Ọ̀rà. Ojú tó ń kú lọ yìí kò sì ní dúró dè é.

Mo ní kí ọmọ náà mú káàdì ọ̀hún wá. Èmi kò gbà pé páálí mọ ọ̀la ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó yàwòrán ní ohun kan lọ́kàn, ó sì yẹ kí á kà á bó ṣe yẹ.

"Orúkọ lo kà, o ò ka àwòrán," mo sọ fún un, bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi. "Ohun tí o rí ni kí o sọ, má sọ ohun tí o rò."

"Egungun òkú ló gun ẹṣin. Ọba kan nà sílẹ̀, adé rẹ̀ ti ṣí. Bíṣọ́ọ̀bù kan ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọdé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ń wo ẹṣin náà."

"Lẹ́yìn wọn ńkọ́?"

Ó tẹrí ba sórí káàdì. "Odò. Ilé gogoro méjì. Oòrùn wà láàárín wọn."

Mo ní kó ka ìwé kékeré tó bá káàdì náà wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan kan ń dópin kí òmíràn lè bẹ̀rẹ̀, àti pé ikú ènìyàn kọ́ ló sábà ń túmọ̀ sí.

Àbúrò mi gbé àpò lé orúnkún, ó ń gbọ́. "Oòrùn wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," mo dá a lóhùn. "Nǹkan kan máa kú lọ́la lóòótọ́: funfun ojú ẹ yẹn ni."

"Èmi wá ni obìnrin tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, àbí?"

"Ìwọ ni."

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo kú ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ta ni yóò wá tú bùbá tí o rán fún mi ní Àjíǹde, tí apá kan gùn ju ìkejì lọ? Wọn ò ní gbà ọ́ lọ́run láìjẹ́ pé o tún un rán."

Ẹ̀rín pa á títí ó fi gbé àpò sílẹ̀. "Ẹ̀yin ò ní fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láéláé."

A lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì na ìka sókè. "Mẹ́ta," ni àbúrò mi wí, kí nọ́ọ̀sì tó béèrè iye rẹ̀ tán.

Nígbà tí a padà dé Ìlá, ó dúró láàárín pálọ̀ mi, ó gbójú sókè, ó wo igun kìíní, ó wo ìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ èékánná ọmọ ilé ìwé wò láràárọ̀, jàǹkárìwọ̀ wo ló wà lókè yìí?"

Mo ní kó jókòó, dókítà ti ní kó sinmi. Kò gbọ́. Ó ń tọ́ka, ó ń bá mi wí láti yàrá dé yàrá, èmi náà ń tẹ̀ lé e tìgbálẹ̀ tìgbálẹ̀, inú mi sì ń dùn.