Kùbúsù Tí Ọmọ Kò Gbọdọ̀ Tọ̀ Sí

Ọkọ mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Bí ẹ bá béèrè Àtàndá oníṣẹ́ ọnà ní Treichville, àdúgbò wa nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé yìí, wọn á ní kò sí ẹni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Èmi Ràmúlátù tí mò ń bá a gbélé ni mo mọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí Ànísà ọmọ wa lóyún. Lójú ọkọ mi, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, Bàbá Ànísà ni mo sì ń pè é. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń rò ó fún yín yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ká mi lára.

Ṣakí ló ti kọ́ṣẹ́ wá. Ẹ̀rọ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan ló fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Ó ti yọ irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń wọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí yídì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé Ànísà ní Riviera, kò sí ohun kan ṣoṣo tó ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ jáde. Nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti ra aṣọ funfun kan tó dán, ó fẹ́ ṣe ọnà sí i fún un, ọmọ ní gáùn inú ṣọ́ọ̀bù ní Plateau lòun fẹ́. Bàbá rẹ̀ ká aṣọ náà sínú àpótí, ó sì ti àpótí pa.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn ju bó ṣe yẹ lọ́jọ́ tí Ànísà àti Rachid ọkọ rẹ̀ gbé páálí kan wọlé tọ̀ wá wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ búlúù, òwú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àti àwòrán kan tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé ìròyìn. Kùbúsù ọmọ òyìnbó ni: aṣọ lókè, aṣọ nísàlẹ̀, òwú láàárín, wọ́n wá fi ẹ̀rọ rán pẹ́pẹ́yẹ àti ewé gba gbogbo rẹ̀ kọjá.

"Papa, ẹ bá mi ṣe é, s'il vous plaît," Ànísà wí. "Comme sur la photo, bó ṣe wà nínú àwòrán yìí. Mo fẹ́ kí bébé sùn lórí nǹkan tí Papa ṣe."

Ọkọ mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ọdún couvre-feu ni, wọn ò jẹ́ kéèyàn jáde lálẹ́, àwọn èèyàn ò ṣayẹyẹ mọ́, iṣẹ́ agbádá ti lọ sílẹ̀, nítorí náà gbogbo ọjọ́ ló fi jókòó ti kùbúsù yìí. Èmi náà ò sì rójú ráyè, èmi ló ní kí n máa bá òun di aṣọ mú.

Wọ́n ya àwọn àwòrán kéékèèké sí iwájú ẹ̀rọ tuntun náà. Bó o bá yí i sí pẹ́pẹ́yẹ, á fúnra rẹ̀ rán pẹ́pẹ́yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ohun tí wọn ò wí ni pé kó tó rán an tán, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ síwájú. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, aṣọ òkè ń sá lọ, ti ìsàlẹ̀ dúró síbi tó wà, òwú sì kóra jọ síbì kan. Nígbà tí ọkọ mi yí kùbúsù dojú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ hunjọ bí ọrùn arúgbó. Pẹ́pẹ́yẹ kan ò lórí. Òmíràn fi ẹnu bọ ìdí èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Irú pẹ́pẹ́yẹ wo lèyí, Bàbá Ànísà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi abẹ tú u, ó tún un rán, ó tún un tú. Ó ní èmi ni mi ò di aṣọ mú dáadáa.

"Ṣé èmi ni mo ní kí pẹ́pẹ́yẹ máa fi ẹ̀yìn rìn ni?"

Inú bí mi, mo fi aṣọ sílẹ̀ fún un. Abẹ ti ya búlúù náà lójú méjì kó tó gbà pé kò lè ṣe é. Ó kó ẹ̀rọ padà sínú páálí. Ó ní ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí ọwọ́ òun dá sí iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ òun.

Ló bá ṣí àpótí, ó mú aṣọ funfun ìgbéyàwó yẹn jáde.

Ẹ̀rọ dúdú ló padà sí. Kí aṣọ má baà hunjọ mọ́, ó ṣe é bó ṣe ń ṣe agbádá: ó tẹ́ aṣọ líle tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọnà ọrùn sísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọnà kún gbogbo rẹ̀. Mi ò ní parọ́, ó rẹwà. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e, kò ká. Mo fi í ti ògiri, ó dá dúró.

"Bàbá Ànísà, ó le o."

"Ọnà gidi máa ń le."

"Ọmọ ò ní wọ̀ ọ́ lọ kírun!"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń gé ìdí òwú.

Lọ́jọ́ ìkómọ ní Riviera, wọ́n sọ ọmọ ní Mouhamed. Àfáà ṣàdúà tán, ọkọ mi gbé kùbúsù dìde bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Henriette, ọ̀rẹ́ Ànísà níbi iṣẹ́, kígbe pé, "Vieux père, mais c'est un tableau!" Àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ló pè é. Rachid wá òòlù, ó kan kùbúsù mọ́ ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Ànísà ń sunkún ayọ̀.

"Papa, c'est trop beau, ó ti rẹwà jù! Mi ò ní jẹ́ kí bébé fọwọ́ kàn án. Tó bá lọ tọ̀ sí i ńkọ́?"

Mo wojú ọkọ mi. Wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹran wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó yá, ó dìde, ó lọ síbi ògiri, ó fa kùbúsù já tìṣó-tìṣó.

"Bí ọmọ ọmọ mi ò bá lè tọ̀ sí i, kí ni mo rán an fún?"

Ó fẹ́ ká a sábẹ́ apá, kò ká. Bí ẹni gbé pákó ló ṣe gbé e jáde láàárín àlejò. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo bọ́ bàtà sí. Inú ń bí mi sí ọkọ mi, inú sì ń bí mi sí Ànísà. Ànísà tẹ̀ lé wa dé ìdí takisí, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má bínú, "Yako, Papa, yako." Kùbúsù ò sì gba ẹnu ọ̀nà takisí wọlé bọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń tú u. Òwú wúrà kún ilẹ̀ ilé, mò ń gbá a, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi igun kan sílẹ̀. Ó ní ibi tí ọnà bá wà, aṣọ líle wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló tú. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tó ṣe láyé rẹ̀, ilẹ̀ ni mo gbá a sí, ó sì dùn mí gan-an. Ó fọ aṣọ náà títí ó fi rọ̀, ó dá òwú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ padà sáàárín, ó wá irin ìtẹ̀ṣọ tó ti yọ kúrò lára ẹ̀rọ, ó dè é padà, ó sì rán ìlà gbọọrọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé irin náà, ìlà náà ò tiẹ̀ tọ́ tán.

Kò bá mi lọ sí Riviera. Ànísà tú u wò, ó ń wá ọnà.

"Maman, où sont les dessins? Papa fâché, inú ń bí wọn, àbí?"

"Ó ní kó o tẹ́ ẹ."

Ó ń sunkún, ó tẹ́ ẹ, ó gbé Mouhamed lé e. Ọmọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu aṣọ náà, ó sùn.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ.

"Ó tẹ́ ẹ?"

"Ó tẹ́ ẹ."

"Ọmọ sùn?"

"Ó sùn. Ó sì tọ̀ sí i."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣé ó pọ̀?"

"Ó wọnú òwú lọ, ó gba òdìkejì jáde."

Láti ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi.