Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Etí Fọ́tò

Abẹ Bàbá onífọ́tò ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lára rúlà, òórùn kẹ́míkà tó kan bí ògì ọjọ́ mẹ́rin sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ní Bukuru, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ará Èkìtì ni Bàbá. Ìjọba ló gbé e wá sí Plateau láti máa ya fọ́tò fún wọn, ó fẹ̀yìn tì síbẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. “Ìyàwó” ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pe ìyá mi, bí ebi bá sì ti ń pa á ni orúkọ náà máa ń dùn sí i lẹ́nu.

Lọ́dún kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìlú sì dàrú. Ìyá mi ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àlùbọ́sà rẹ̀ ń jẹrà nínú ìsọ̀, rédíò sì ń sọ lójoojúmọ́ pé àlàáfíà ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé fíìmù wá pé kí Bàbá fọ ọ́ fún ìwé ìròyìn. Nígbà tí fọ́tò ọjà jáde, ó ní kí Bàbá gé apá òsì rẹ̀ dànù. Lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin ń ta tòmátì. Lápá òsì, ìsọ̀ tó jóná ń rú èéfín, àwọn ṣójà sì ba sẹ́yìn ògiri tìbọn-tìbọn.

Bàbá ní, “A'a, mi ò ní gé e. Gbé fíìmù rẹ, Alhaji.” Ọkùnrin náà bínú lọ, ṣùgbọ́n fọ́tò kan kù lọ́wọ́ Bàbá.

Ìyá mi ti wé gèlè, ó ń lọ sọ́jà. Bàbá gbé odidi fọ́tò náà síwájú rẹ̀. Ìyá mi ní rédíò kò lè máa parọ́ lójoojúmọ́, àti pé kí ni a ó jẹ.

“Ìyàwó, nígbà ogun abẹ́lé, èmi ni mo máa ń gé irú eléyìí fún wọn. Mo gé òkú kúrò lójú títì, káwọn èèyàn lè gbà pé ìlú ti rọ̀. Àbúrò mi obìnrin, tó ti sá kúrò nílùú náà, rí i nínú ìwé ìròyìn, ló bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà síbẹ̀.”

Ìyá mi béèrè ibi tí wọ́n wà báyìí.

“Mi ò rí wọn mọ́.”

Ìyá mi tú gèlè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a gbọ́ ìró ìbọn láti ọ̀nà ọjà. 

Lónìí, bí ìjọba kan tó ń jagun bá gbé àwòrán ìṣẹ́gun jáde, tiwa ni o, ti òkè òkun ni o, n kì í bá a jiyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Etí rẹ̀ ni mo máa ń wò, tí n ó máa béèrè ẹni tí wọ́n yọ kúrò. Àwọn ọmọ mi ní alágídí ni mí. Kí wọ́n máa wí. Ìyá àgbà wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Rantya, tí kò jìnnà sí Bukuru, ó ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.