Ikọ́ Tí Mo Sọ Pé Ó Ti Lọ

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kétu, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí ogun abẹ́lé parí. N kì í sábà sọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rísì, ló mú mi wá sí Èkó láti Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń ṣe, èmi náà sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Yàrá kan la jọ ń gbé. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, atẹ́gùn kì í wọlé.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a rò pé eruku aṣọ ni. Wọ́n ń rù. Àwa aránṣọ, kí la ṣe? Mo ń tún búbà wọn rán kó kéré sí i. Ọjọ́ tí wọ́n wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sára aṣọ oníbàárà ni ẹ̀rù tó bà mí.

Ní ọsibítù, dókítà ní ikọ́ ife ni. Abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró, ó máa lé ní ọdún kan.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ikọ́ dá, wọ́n sanra. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti jẹ́ kí ìdí wọn le, àwọn oníbàárà sì ń bínú pé ṣọ́ọ̀bù kì í tètè ṣí, torí ọsibítù tí wọ́n ń lọ láàárọ̀. Ta ló ní kí wọ́n má lọ mọ́? Èmi ni.

Mo ní, "Àǹtí, ikọ́ yìí ti lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí abẹ́rẹ́ pa yín ni?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Bí wọ́n ṣe dá abẹ́rẹ́ àti oògùn dúró nìyẹn. Kí ni mo mọ̀?

Kí ọdún tó yípo, ikọ́ náà padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi jókòó tì mí níta wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé wọn sí. Ó ní àwọn kan wà nínú ara wa tí wọ́n dà bíi ṣọ́jà, pé wọ́n máa ń gbé kòkòrò àrùn mì, wọ́n á sì pa á. Ó ní ti ikọ́ ife yàtọ̀. Ara rẹ̀ yi, ohun tí ṣọ́jà fi ń pa kòkòrò kì í ràn án. Inú ṣọ́jà tó gbé e mì gan-an ló máa fi ṣe ilé, á dákẹ́ síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ò wúkọ́ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò yẹn ò lọ síbì kankan. Àwọn tó ṣẹ́ kù ti mọ oògùn wa lójú báyìí, kò ràn wọ́n mọ́."

Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni mo dá wọn dúró.

Àǹtí Rísì ni mo sọ fún. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ní èmi ni mo fà á. Wọ́n ní, "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nígbà yẹn lo sọ fún mi." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí dókítà bá ní ẹ lo oògùn dé ọjọ́ báyìí, ẹ lò ó dé ọjọ́ náà, kódà bí ara bá ti yá. Ta ló wà níbí tó ti dá oògùn dúró lójijì, tàbí tó gba èèyàn rẹ̀ nímọ̀ràn bíi tèmi? Ẹ sọ ọ́. Èmi kọ́ ni màá dá yín lẹ́jọ́.