Bíríkì Tí A Fi Ń Fọ Ìkòkò

Mo pọn ọmọ mi, mo ń ti ọjà Òkè Àrin bọ̀, ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wínníwínní. Bí omi ṣe kan òkìtì bíríkì tó wà létí títì ní Olówógbowó, òórùn ilé wa gbà mí nímú. Ibẹ̀ gan-an ni ilé náà wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà tó bí ìyá àgbà mi ló kọ́ ọ, bíríkì pupa látòkè délẹ̀, orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ìpéǹpéjú ẹni tí ẹnu ń yà. Oòrùn á mú níta, inú ilé á tutù minimini. Lábẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń ri ìwọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ẹbí sí. Tèmi wà níbẹ̀.

Bíríkì yẹn sì mọ ìkòkò fọ̀! À ń fi ṣíbí ha ògiri, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó fi fọ ìkòkò irin títí á fi máa dán. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà ká wa mọ́ ọn, wọ́n fa etí mi.

"Ṣé ilé mi lẹ fẹ́ fi fọ ìkòkò tán? Tí ògiri bá tán, ṣé inú ìkòkò lẹ máa sùn?"

Ẹ̀rín pa wá kú.

Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́kùnrin ṣèpàdé, wọ́n ní ilé ti gbó. Màmá mi bẹ̀bẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Ìwọ tó o wà nílé ọkọ? Kí ló kàn ẹ́?"

Wọ́n tà á. Kí n tó bímọ, katapílà ti wó o.

Látìgbà tí ìwọ́ ọmọ mi ti já ló ti wà nínú òwú, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé tí a háyà, táìlì ló kún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Nínú òjò yẹn, mo bẹ máígádì ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ pé kó jẹ́ kí n rí ẹ̀yìnkùlé.

"Àǹtí, kọnkéré ni gbogbo ẹ̀ o. Àgbọn wo lẹ ń wí?" Àánú mi ṣe é ṣá. "Ẹ mú bíríkì kan dání."

Ìkòkò irin ìyá àgbà nìkan ni mo jogún. Mo rọ yẹ̀pẹ̀ sí i, mo ri ìwọ́ ọmọ mi sínú rẹ̀, mo gbé bíríkì lé e. Bí mo bá bomi rin ín, òórùn ilé wa á tún sọ. Ìyẹn ò tíì tán.

Ògiri ni ó tán. Ìwọ́ ọmọ mi ló wá ń sùn nínú ìkòkò.