Ẹ̀dọ̀ Rèé, Fùkù Kọ́

Etí Memunat gbọ́ ẹ̀dọ̀, ọkàn rẹ̀ bá fi fóró kún un. Ẹ wo àṣìṣe kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọmọ jẹ́!

Fìlà ló ń rán. Ìkàrẹ́ ló ti ń tà á, Ọ̀kà ló ń gbé nílé ọkọ. Nígbà tó lóyún kejì, Nọ́ọ̀sì Mọ́júbọ́lá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní Ìkàrẹ́, ó ní, "Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá bímọ gan-an ni kí ọmọ gba abẹ́rẹ́, kí àrùn náà má baà ràn án o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Memunat wí. Àmọ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló rò pé nọ́ọ̀sì ń sọ, ìyẹn ikọ́. Òun tí kò wúkọ́ láti ìgbà ọyẹ́! Ó fi nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Ọmọ kò dúró de ọsibítù, ilé ni Memunat bí i sí ní ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ata gbígbóná wá.

"Jẹ ẹ̀dọ̀ yìí, ìyàwó mi. Ó ń fúnni lẹ́jẹ̀."

"Ìyá, ṣebí inú àyà ni ẹ̀dọ̀ wà?"

"Ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn fùkù, ló wà láyà! Ṣé o ò ra ẹran rí ni? Ẹ̀dọ̀ rèé. Òun ló bàjẹ́ tí ojú ìyá rẹ fi pọ́n bí ìyeyè, tí ikùn rẹ̀ wú títí ó fi kú."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Memunat. Yéè, ìyá mi o! Ohun tó pa ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń sọ, òun sì ń rẹ́rìn-ín! Ó fa ọmọ mọ́ra, ó dìde.

"Níbo lò ń gbé e lọ? Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ kì í jáde!"

"Ìyá, nọ́ọ̀sì ní àrùn yẹn wà lára mi, ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ lónìí! Bó bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ta la ó sọ lórúkọ?"

Ìyá bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bo ọmọ, òun gan-an ló sì ké sí ọlọ́kadà.

Ní Ìkàrẹ́, wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ nítan, ó figbe ta. "Alhamdulillahi," ni Memunat wí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"O ṣeun tí o tètè dé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Yóò gba ìyókù tó bá yá, a ó sì máa tọ́jú ìwọ náà. Àkọ́bí rẹ ńkọ́? Ṣé òun náà gbà á lọ́jọ́ tí o bí i?"

Ìyá ló dáhùn, jẹ́ẹ́jẹ́: "Inú ilé la tọ́jú Limota sí, títí a fi sọ ọ́ lórúkọ."

"Ẹ lọ mú un wá, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Memunat wo ọmọ tuntun, ó wo ilẹ̀kùn. Limota ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin.