Wọ́n Rán Mi Lọ sí Ẹ̀fọ̀n Nítorí Ìwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlórò-Èkìtì, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì méjì níléèwé wa. Bó bá ti kọjú sí wọn lọ́hùn-ún, àwa níhìn-ín ti ń ju èkùrọ́ lu ara wa nìyẹn. Bí òjò bá dé, gbogbo wa a sá sí igun kan tí páànù rẹ̀ kò tíì jò, a ó máa kọrin títí yóò fi dá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ adùn rẹ̀. Àmọ́ ìwé kò wọlé.

Ìgbà tó yá, bàbá mi ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, torí olùkọ́ pọ̀ níléèwé tibẹ̀. Ààyè ẹnì kan ló wà. Èmi ni wọ́n mú, Bọ́sẹ̀ àbúrò mi dúró sílé. Mo sunkún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìyá mi di iṣu sínú àpò fún mi, ó ní, "Ulé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ulé rẹ ni. Dákẹ́."

Ilé mi ló sì dà. Màmá Ẹ̀fọ̀n a jí mi ní ìdájí láti lọ pọnmi gun òkè. Bí mo bá da omi nù lọ́nà, mo tún padà sísàlẹ̀ nìyẹn. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì kàwé ọjọ́ náà tán, iyán nìkan ni yóò jẹ, kò ní rí ẹran. Kò sí olùkọ́ kankan tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Níbẹ̀ ni mo ti kàwé débi tí èmi náà fi di olùkọ́. Bọ́sẹ̀ kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Láìpẹ́ yìí ni Fúnmi ọmọ mi pè mí láti Amẹ́ríkà. Ó ní iléèwé àdúgbò àwọn kò dára, pé Tómi ọmọ òun kò tíì lè kàwé já geere, bẹ́ẹ̀ iléèwé tó wà lódìkejì afárá ní gbogbo nǹkan. Ẹnu yà mí. Ọ̀kan náà ni mo rò pé gbogbo iléèwé Amẹ́ríkà jẹ́! Mo ní, "Ṣebí àǹtí yín ará Ara-Èkìtì yẹn ń gbé lódìkejì? Jẹ́ kí ọmọ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó gbọ́ tèmi, ó kó Tómi lọ sọ́dọ̀ àǹtí, wọ́n sì gbà á síléèwé ọ̀hún. Kò pẹ́ tí iléèwé fi wádìí, wọ́n ní àǹtí kì í ṣe ìyá, pé àdúgbò tí òbí bá ń gbé ni ọmọ ti ń kàwé, pé ẹ̀tàn ni, wọ́n sì dá Tómi padà síbi tó ti wá. Fúnmi ń sunkún lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ ní kò sóhun tó burú níbẹ̀." Ó ní owó orí ilé àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú iléèwé wọn, pé tiwọn ni. Mo ní tí ilé ẹni kò bá níye lórí ńkọ́, ṣé ọmọ ẹni kò ní kàwé ni? Orí mi dàrú. Ṣé ẹ̀tàn ni bàbá mi náà ṣe?

Bọ́sẹ̀ jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, àwọn ọmọ tó kù níléèwé tí wọ́n dá Tómi padà sí yẹn ńkọ́? Ta ni yóò wá mú wọn?"

N kò lè wo ojú rẹ̀. Láyé ìjọ́un, wọ́n ń gbé ọmọ lọ síbi tí ìwé wà. Lónìí, wọ́n ń dá ọmọ padà, n kò sì mọ èyí tó tọ́ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ṣe olùkọ́ ní Ẹ̀fọ̀n títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìlórò, níbi tí olùkọ́ ti ṣọ̀wọ́n.