Fóòmù Tí Òjò Pa

Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló gbé bààlú yẹn fo orí igi kọjá, kí ló dé tí kò kúkú dá òjò dúró kí wọ́n tó kó ẹrù sínú rẹ̀? Mo ti kúnlẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, mo ti dìde. N kò tíì rí èsì.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń wa bààlú ẹlẹ́rù kékeré fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ́ńjìnnì kan péré ni bààlú náà ní, wọ́n sì ti tú gbogbo àga inú rẹ̀ àfi méjì. Ìyá Òṣùwọ̀n ni àwọn alábàárù ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í gbé sórí òṣùwọ̀n: páálí, àpò, bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá tó ni bààlú náà ní òun fẹ́ bá a lọ, ó wọn ọ̀gá náà lójú gbogbo ènìyàn. Kílò méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀gá ò gbàgbé.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Afárá tó lọ sí ìlú òdìkejì odò ti wó, bààlú yìí ló ń gbé oògùn àti ìwé ọmọ ilé-ìwé lọ síbẹ̀. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gbé ìkókó wá bá a létí pápá bààlú, ó ní, “Màmá, oògùn ọjọ́sí ló dá ìyá eléyìí dúró sáyé.” Orin ló ń kọ títí ó fi padà délé.

Ṣùgbọ́n inú ilé ẹrù ni òṣùwọ̀n wà, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọn ẹrù níbẹ̀, olórí alábàárù á fi máákà kọ iye kílò sí i lára, wọ́n á wá kó o síta kó máa dúró de bààlú. Bí òjò bá pa á, wọ́n á fi àkísà nu ojú rẹ̀, ó parí. Ohun tí máákà bá ti kọ, abẹ gé e.

Lọ́jọ́ náà, fóòmù ìbùsùn fún ilé ìwòsàn ni wọ́n ń kó. Òjò ti rọ̀ fún wákàtí kan kí obìnrin náà tó dé. Ó bá ẹrù nínú bààlú, ó ní, “Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?”

“A ti wọ̀n ọ́n,” ni olórí alábàárù wí. Òótọ́ ni.

Ọ̀gá ń pariwo pé kùrukùru ń bọ̀, kó gbéra. Obìnrin náà fọwọ́ síwèé ẹrù. Bààlú sá, ó sá, kò gbéra. Igi ìparí pápá ń tóbi sí i lójú rẹ̀. Ìgbà tó gbéra tán, ẹ̀ka igi ha táyà. Nígbà tó balẹ̀ lódìkejì, ó gbé fóòmù kan sórí òṣùwọ̀n nọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n kọ kílò mẹ́wàá sí lára jẹ́ mẹ́tàlélógún.

Ó padà lọ bá ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ gbé òṣùwọ̀n síta, sẹ́gbẹ̀ẹ́ bààlú. Tàbí kẹ́ ẹ ra tapólì tí wọ́n á máa fi bo ẹrù.”

“A wọ̀n ọ́n àbí a ò wọ̀n ọ́n?”

“Ní gbígbẹ lẹ wọ̀n ọ́n!”

Olórí alábàárù dá sí i: “Ìyá Òṣùwọ̀n, ṣé ká máa wọn òjò náà ni?” Ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

“Madam,” ni ọ̀gá wí, “ẹ lọ sinmi nílé. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán láti wa bààlú láìrojọ́, ẹ padà wá.”

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Páílọ́ọ̀tì mìíràn ló ń gun orí àga rẹ̀, ó ń fọwọ́ síwèé láìbéèrè, àsìkò òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìjọ kan náà ni gbogbo wa. Ọ̀gá jáde síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ gbé bààlú òun sókè. A hó yèè. Obìnrin yìí nìkan ló jókòó. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ìjọ kọ ẹ̀rí náà sínú ìwé ìròyìn oṣooṣù wa, ó gba ìdajì ojú ìwé. Ọ̀gá gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Bí obìnrin náà bá lọ rojọ́, ọ̀gá á nawọ́ sí ìwé ara ògiri náà: “Ọlọ́run ti yanjú ẹ̀, kí lẹ tún ń tú wò?”

Mo lọ kí i nílé láìpẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀, aránṣọ, kò gbójú kúrò lórí maṣíìnì. “Akọ̀wé, ẹ bá mi bi ọ̀gá wọn bóyá kò fọ aṣọ rí láyé ẹ̀. Ọmọdé tó bá ti fa ṣòkòtò jáde nínú omi mọ̀ pé omi wúwo.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ fi sùúrù gbàdúrà,” ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lẹ́nu èmi gan-an.

“Mo ń gbàdúrà,” ló wí. “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba ògo kúrò lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ sáà tún ẹ̀rí yẹn kọ nínú ìwé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé fóòmù kílò mẹ́wàá di mẹ́tàlélógún, pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ lè bá mi ṣe é?”